Obìnrin aláwọ̀ aró: iṣẹ́ Moufouli Bello àti àkọlé rẹ̀

Ní ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé tí a ń ṣe ní Venise, ní ilẹ̀ Ítálì. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, ni ó ṣètò rẹ̀. Ó fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá, ṣe ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ èrò rẹ̀. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin ni ó kó jọ síbẹ̀: ti Chloé Quenum, ti Ishola Akpo, ti Romuald Hazoumè àti ti Moufouli Bello. Ẹni tí ó bá rìn yí gbọ̀ngàn náà ká lè ti mọ Hazoumè tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ìbòjú tí ó ń fi ike epo bẹntiróòlù ṣe. Bello, tí a bí ní Kùtọ̀nú ní ọdún 1987, ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tuntun lójú rẹ̀.

Obìnrin ni ó ń yà, pẹ̀lú aṣọ olónà oríṣiríṣi lára wọn, tí wọ́n tẹjú mọ́ ẹni tí ń wò wọ́n. Ara wọn dà bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú ìkòkò aró. Elédè Faransé yóò pè é ní bleu, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n ní èdè Yorùbá, funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ orúkọ àwọ̀. Abẹ́ dúdú ni èyí ń bọ́ sí, àfi bí a bá fẹ́ tọ́ka sí i ní pàtó tí a sì dárúkọ aró, èyí tí a ń fi ewé ẹ̀lú ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní rí àwọ̀ àjèjì níhìn-ín. Ènìyàn dúdú tí a rẹ láró ni yóò rí, yóò sì rántí iṣẹ́ aláró, tí í ṣe iṣẹ́ obìnrin láti ayébáyé. Níbẹ̀ ni agbára àwòrán wọ̀nyí wà. Àbùkù kan sì wà: bí aró náà ti rí bákan náà lára gbogbo wọn, aṣọ ń sọ̀rọ̀ ju ojú lọ, ọjọ́ orí àti ìrírí kò sì fara hàn tó.

Àkọlé iṣẹ́ tí ó kó lọ síbẹ̀ ni Egbé Modjisola. Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà dé nìyí. Àkọtọ́ Faransé ni dj. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975 tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990, ní j. Ó sì ní ɛ, ɔ, kp àti sh fún Yorùbá. Mojísɔ́lá ni à bá kọ ní Bẹ̀nẹ̀, Mojísọ́lá ní Nàìjíríà. Nínú méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ á rí “mo jí sí ọlá” kedere. Bákan náà, láìsí ẹ nínú egbé, ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ obìnrin ni tàbí ègbè orin? Nínú gbọ̀ngàn kan náà, Hazoumè kọ Àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà, orúkọ Ishola Akpo sì ní sh àti kp ti Bẹ̀nẹ̀. Èdè kan, òrùlé kan, àkọtọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ayàwòrán: ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni ó kọ́ gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìjọba bá ti kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀, ó ṣòro láti yí i padà. Ṣùgbọ́n àkọlé iṣẹ́ ọnà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ó yẹ kí olùkọ́ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ gbé àwòrán wọ̀nyí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ àkọlé rẹ̀.