Kọ́ńbò tó ń pa gángan lẹ́nu mọ́

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó wà nínú ìgbìmọ̀ orin ìjọ rẹ̀ ní Sango Ọ̀tà níbí, kọ̀wé sí mi pé ìjọ ti dáwó jọ láti ra kọ́ńbò tuntun fún gìtá béèsì. Méjì ló wà níwájú wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ tòkúnbọ̀ ńlá kan tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, sípíkà mẹ́jọ ló wà níkùn rẹ̀. Èkejì kéré, sípíkà oníńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ṣoṣo ló ní. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ti ńlá, wọ́n tún fẹ́ ra pẹ́dàlì mẹ́rin kún un. Onígángan ìjọ wá dìde, ó ní bí wọ́n bá ra ti ńlá yẹn, kí wọ́n má ka òun mọ́ wọn mọ́. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i," ni ọmọ náà kọ.

Ẹlòmíì lè bi mí pé, kí ló kan ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní ẹ̀dá-èdè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ́ńbò? Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìlù tí wọ́n ń lù nínú ìjọ yẹn ń sọ Yorùbá, kọ́ńbò sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: níbikíbi tí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń yé ènìyàn sí nígbà tí béèsì ń dún ni kí ẹ fi yan kọ́ńbò, kì í ṣe bí àyà ṣe ń mì tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí etí ń gbọ́ ládùúgbò wa. Láti abẹ́ bíríìjì Sango títí dé Ìyànà Ìyẹ̀sí, Sátidé ni ti àríyá, ọjọ́ Ìsinmi ni ti ìjọ. Bẹ́ ẹ bá dúró lójú títì, béèsì lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Fèrèsé á máa gbọ̀n. Bẹ́ ẹ bá wá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí onígángan tó ń làágùn, tó ń fún ọsán, tó ń ju kọ̀ǹgọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó ń wí. Oríkì ẹnì kan ló ń kì o, ẹni náà jókòó síbẹ̀, kò dìde, nítorí kò gbọ́. Mo mọ̀ pé ìlú ilé-iṣẹ́ la wà. Látọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ àti tírélà ló ń bá wa sùn tó ń bá wa jí. Ó dà bíi pé a ti gbà pé ohunkóhun tó bá fẹ́ ká gbọ́ òun gbọ́dọ̀ pariwo ju ilé-iṣẹ́ lọ. Èmi ò gbà. Etí tí ariwo ti dá lágara látọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ tó já gaara ló yẹ ká fi tù ú nínú.

Ẹ̀sùn onígángan yìí kì í ṣe ìlara. Okùn tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní E, máa ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, G, ń gbọ̀n bí ìgbà 98. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180. Ẹ lè ní, ó dáa, béèsì wà nísàlẹ̀, ohùn wà lókè, kí ló pa wọ́n pọ̀? Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé okùn kan kì í dá dún lóhùn kan ṣoṣo. E tó ń gbọ̀n nígbà 41 ń gbé 82, 123, 164 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dání, ó sì ti wọ àgbàlá àwa ènìyàn nìyẹn. Àwọn onímọ̀ etí tún mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ tó bá le máa ń bo ohùn tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ju bí ti òkè ṣe lè bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí béèsì kan fi lè borí odidi àwọn onílù, tí àwọn onílù ò sì lè borí béèsì.

Gángan ò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ni gbogbo ohun tó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ rántí àpẹẹrẹ tí mo máa ń kọ sójú pátákó fún yín: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹ tún rántí pé ohùn ìsàlẹ̀ tó bá kẹ́yìn gbólóhùn kì í dúró lójú kan, ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀. Onígángan tó mọṣẹ́ á rọra dẹ ọsán kí ohùn ìlù náà lè yọ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń yọ̀ sí yẹn gan-an ni béèsì tó ń hó máa ń gbé mì. Tó bá ti gbé e mì, ọkọ̀ ti di ọkọ nìyẹn. Ìyá tí wọ́n ń kí kú oríire ọkọ̀ tuntun á máa wojú bàbá àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìjà ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ekundayo Phillips, ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ l'Èkó, jà á nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953, nítorí bí àwọn orin ìyìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ ṣe ń yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po. Nígbà náà, ohùn orin ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Lónìí, a ti ní orin tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀, gángan ti wọnú ìjọ tó jókòó sójú agbo, àpótí tí a fowó ara wa rà ló wá ń da ọ̀rọ̀ rú.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ yìí kan náà ló ṣílẹ̀kùn fún gángan. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni Akanbi Ege mú gángan wọ jùjú, ìgbà yẹn náà sì ni Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná gbé gìtá rẹ̀ sókè. Christopher Waterman, nínú ìwé tó kọ lórí jùjú ní 1990, ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe so mọ́ra: iná ló jẹ́ kí gìtá àti ohùn olórin lè dúró láàárín ìlù púpọ̀, láìjẹ́ pé ìlù bò wọ́n. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí? Ẹ̀rọ tí a fi gba gìtá lọ́wọ́ ìlù la wá ń fi lé ìlù síta.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò ní ojútùú. Ẹ gbé Juju Music ti King Sunny Ade, tó jáde ní 1982, ẹ fetí sí béèsì rẹ̀. Kò sinmi, ó ń ti ijó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kúrú, ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ ó ń gbé e kúrò. Nínú àlàfo tó fi sílẹ̀ ni ìlù ti ń rí ọ̀nà sọ̀rọ̀, tí gìtá olóhùn gígùn ti Demola Adepoju sì ń fò kọjá lókè. Ẹ wá gbé Zombie ti Fela sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Béèsì ibẹ̀ wúwo, ó ń yí po lójú kan náà, ó sì bójú mu, nítorí Fela ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pijin, kò sí gángan tó ń pàtẹ òwe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé wọ́n fẹ́ fi béèsì Fela sábẹ́ ìlù Sunny. Àwo méjèèjì dára, àmọ́ ọbẹ̀ tó wà nínú wọn yàtọ̀ síra.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọjà. Ẹ má jẹ́ kí wáàtì dẹ́rù bà yín. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, ohùn kàn fi dẹ́síbẹ̀lì mẹ́ta lé ni. Kí etí tó gbà pé ohùn di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ampeg SVT, bàbá àwọn kọ́ńbò onísípíkà mẹ́jọ, jáde ní 1969 pẹ̀lú wáàtì 300, fún orí ìtàgé ńlá, níbi tí béèsì ti ń dún láti orí ìtàgé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìjọ tí èrò rẹ̀ ò ju igba lọ, tó sì ní sípíkà gbọ̀ngàn tirẹ̀, kò nílò irú rẹ̀. Kí kọ́ńbò kékeré dún fún àwọn onílù àti akọrin tó yí i ká, kí wáyà láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sínú míkísà, kí míkísà pín ìyókù fún gbọ̀ngàn.

Bí tòkúnbọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọná: 120 fóòtì ni tiwọn, 230 ni tiwa. Iná wa tún ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, G ìsàlẹ̀ lórí béèsì sì jẹ́ 49. Bí ilé ìjọ ò bá ní wáyà ilẹ̀ tó dáa, kọ́ńbò yín á máa kọ G láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ẹ tún má gbé e sí kọ̀rọ̀: ògiri méjì àti ilẹ̀ máa ń wú béèsì. Ẹ gbé e sórí àga, kí ẹ sì fà á síwájú. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn.

Nípa ìdánwò, ẹ mú onígángan dání lọ sí ọjà, ì báà jẹ́ Alábà. Kí onígìtá máa ta béèsì, kí ẹnì kan dúró jìnnà, kí onígángan sọ̀rọ̀, kí ẹni tó dúró jìnnà tún un sọ. Ẹ má jẹ́ kó lu òwe tí gbogbo ayé mọ̀ o, nítorí etí máa ń fi ìrántí dí ihò tí kò gbọ́. Kó mú ọ̀rọ̀ kan, bí ọkọ, ọkọ̀ tàbí ọkọ́, kó fi sí ìparí gbólóhùn kan náà, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú, kí olùgbọ́ sọ èyí tó jẹ́. Kọ́ńbò tí ẹ bá ti lè mọ ìyàtọ̀ ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kí ẹ sanwó rẹ̀.

Ó ku pẹ́dàlì. Èyí tó ń tún okùn ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, nítorí béèsì tí kò bá ìlù mu kò ní oògùn mìíràn. Compressor wúlò, ó ń mú kí ohùn dọ́gba. EQ ló wúlò jù, nítorí ẹ lè fi dín ibi tí béèsì ti ń hó kù. Octave tó ń fi ohùn mìíràn sábẹ́ béèsì, ẹ fi sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń mú ohùn há, distortion, ń fi ohùn tuntun kún agbègbè tí ìlù ń gbé, ẹ fi sílẹ̀ bí gángan bá wà níjókòó. Pẹ́dàlì tó ń ṣe "wáà-wáà", irú èyí tí Bootsy Collins fi gbajúmọ̀, yàtọ̀ díẹ̀. Fáwẹ̀lì ni ìyẹn ń ṣe bí ẹni ń sọ, bí ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ irú rẹ̀, tiwa ń fẹ́ ohùn. Ẹ lò ó nígbà tí ìlù bá dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Prof, èrò fẹ́ jó, béèsì ló ń gbé ẹsẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í jó ìró nìkan, a máa ń jó sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu gángan kò nílò sípíkà mẹ́jọ kó tó dìde.

Nítorí náà, ọmọ mi, ẹ ra èyí tó kéré tó bá yege ìdánwò yẹn. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù ra sitébiláísà kan, kẹ́ ẹ sì ra máìkì tó dáa kan fún onígángan. Kí ìgbìmọ̀ fúnra wọn lọ gbé máìkì náà fún un, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó padà.