Máàpù Tó Ń Sọ Ọ̀rá Ilẹ̀ Láìfọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ti ń bi mí léèrè nípa iSDAsoil. Iṣẹ́ ńlá ni, ká sọ tòótọ́. Wọ́n kó èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ tó lé ní 100,000 jọ ní Áfíríkà, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwòrán sátẹ́láìtì, kọ̀ǹpútà wá ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí ní mítà 30 níbùú, 30 lóròó.

Ibi tí mo ti ń bá a jà rèé. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2021, ìbámu àsọtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ jẹ́ 0.900 fún pH. Ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò ju 0.654 lọ. Wọn ò fi pamọ́, mo kí wọn. Àmọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà lára ohun tí àgbẹ̀ ń fowó ajílẹ̀ rà! Sátẹ́láìtì ò rí i rárá. Ewéko àti bí ilẹ̀ ṣe ga sí wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń méfò.

Ẹ wá wo Yábà tiwa níbí. Ìwọ̀n mítà 30 sí 30 yẹn ju pulọ́ọ̀tì kan lọ. Ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá kánààlì lè da ìgbẹ́ adìyẹ sí ebè kan, kó má da nǹkan kan sí èkejì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni máàpù ní fún méjèèjì. Tèmi ni pé, kí n tó ra ajílẹ̀, màá kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ lọ sí láàbù ná.