Ẹwìrì Ọ̀gá Mi

Ká lu irin, gbogbo ayé ló ń rí i, ìró rẹ̀ ló sì ń pe oníbàárà. Àwọn tó ń wá sí àgbẹ̀dẹ ọ̀gá mi l'Ọ̀yọ́ a máa yin ọkọ́ àti àdá tó rọ, wọn kì í wo igun tí ẹwìrì wà. Èmi ní tèmi, igun yẹn ni ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára.

Bí a ṣe ń to èédú àti bí a ṣe ń ṣáná sí i, ẹni tó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí ti mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Ikùn méjì ni ẹwìrì ní, awọ ewúrẹ́ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá sì dúró lórí awọ. Bí ọ̀tún bá ń lọ sísàlẹ̀, òsì ń bọ̀ lókè, kí afẹ́fẹ́ má baà dá. Imú ẹwìrì ń fẹ́ ẹ sínú páìpù amọ̀ tí ẹnu rẹ̀ wọ inú iná.

Ẹ wá wo àárín imú ẹwìrì àti páìpù yẹn. Wọn kò lẹ̀ mọ́ra. Ìka lè gba ibẹ̀ kọjá. Àlejò á ní à ń fi afẹ́fẹ́ ṣòfò. Rárá o, ibẹ̀ ni ẹwìrì ti ń mí. Ẹwìrì wa kò ní ìdérí tó ń ṣí tó ń padé. Bí awọ bá gòkè, àlàfo yẹn ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù. Ẹ fi amọ̀ dí i pa, inú iná ló máa ti fà á, ooru á wọ ikùn ẹwìrì, awọ á jó. Láràárọ̀ ni ọ̀gá mi máa ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí àlàfo náà, tí á dákẹ́, tí á máa gbọ́ ọ. Bó bá fẹ̀ jù, á ti imú ẹwìrì síwájú díẹ̀, á fi òkúta tì í, á tún gbé ọwọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ yẹn kún fún àpá iná. Nígbà tí ẹ̀yìn dídùn kò jẹ́ kó gbé owú mọ́, ìdí ẹwìrì ló ń jókòó sí, àwa ń lù, bàbá ń fín. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé irin ti pọ́n.

Irin sípíríǹgì mọ́tò la sábà máa ń rọ. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín èédú tó jinlẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá kan irin gbígbóná láìla èédú kọjá, èépá ló ń sọ ara irin dà. Bó bá ti ní àwọ̀ epo pupa, ọ̀gá mi á dẹ ọwọ́, kí ooru lè ráyè dé inú. Bí irin bá fi lè funfun tó ń ta ẹ̀tàpàrà, ó ti jóná, kò sí òòlù tó lè tún un ṣe.

Fáànù oníná ni wọ́n ń so mọ́ iná báyìí. Bọ́tìnì kan, afẹ́fẹ́ kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, irin ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Èédú ń tán lásán, etí irin ń jó, àgbẹ̀ sì ń dá ọkọ́ padà pé ó ń rún. Bó bá di dandan ká lò ó, kí wọ́n tiẹ̀ fi irin pẹlẹbẹ kan sẹ́nu rẹ̀ tí a ó lè fi dín afẹ́fẹ́ kù. Kì í sì í ṣe bọ́tìnì ló kọ́kọ́ fẹ́ná láìsí ẹwìrì. Ní 1904, Bellamy, òyìnbó kan, kọ̀wé nípa ibi tí wọ́n ti ń yọ irin lára òkúta nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Iná ibẹ̀ kò lo ẹwìrì rárá. Àwọn páìpù amọ̀ ìdí rẹ̀ ni ooru fúnra rẹ̀ ń gbà fa afẹ́fẹ́ wọlé. Àwọn tó mọ irú èyí kò nílò bọ́tìnì.

Ẹ̀yin tí ẹwìrì ṣì wà nílé baba yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u dà nù. Ẹ pààrọ̀ awọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọmọ kan jókòó sídìí rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fín ṣì wà láyé.