Patrick Mímọ́ àti Àjàyí Crowther: Ìwé Ẹrú Méjì

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ohun tí Patrick Mímọ́ ṣe ní Írẹ́lándì, wọn a ní ó lé ejò jáde ni. Ejò kò sí nínú ìwé tí Patrick fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ni ó mú un wọlé. Muirchú pẹ̀lú, tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi ìjà àwọn onídán ọba Loegaire ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ Patrick tìkára rẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ pé ọmọ ọdún 16 nígbà tí a kó o lẹ́rú láti Brítánì. Ó da ẹran fún ọdún 6. Ó sá lọ. Ó sì tún padà di bíṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn tí ó ti sìn ní ẹrú.

Àwa tí ń kọ́ ọmọ ní Igbaye, ní agbègbè Ìkìrun níbi tí a ti ja ogun Jálumi ní 1878, kò nílò ògbufọ̀ fún irú ìtàn yìí. Ẹnìkejì rẹ̀ sì wà nílé: Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó ní 1821, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1837 ni ó kọ ìtàn ìkólẹ́rú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S.

Ní ti ìtàn sísọ, Àjàyí ta Patrick yọ. Patrick wulẹ̀ wí pé a kó òun pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. A kò rí iná, a kò gbọ́ igbe. Ṣùgbọ́n Àjàyí fi okùn tí a jù sọ́rùn àwọn tí ń sá hàn wá. A fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, a sì dá ọmọ padà bí ọjà. Ẹ̀rù pé a ó tà á fún àwọn Pọtogí mú kí ó fẹ́ fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn ní òru. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n ní 1822, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n sì ṣe bí ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Kò sí ẹni tí kò ṣe ojú rẹ̀ tí ó lè rò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí ni àwa olùkọ́ máa ń fò kọjá, kí a lè tètè dé ibi aṣọ bíṣọ́ọ̀bù.

Àbùkù kan ni a rí nínú rẹ̀. Àjàyí pe ọjọ́ ìkólẹ́rú ní ọjọ́ ìbùkún kí ó tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọ̀gá ni ó sì ń kọ̀wé sí. Patrick ti darúgbó kí ó tó kọ tirẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà ìjọ hú ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ jáde láti fi dá a lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi korò.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ bá Crowther ní 1890, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Òyìnbó dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Niger dúró. Ó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn 1891. Ìwé tí ì bá kọ nípa ara rẹ̀ ní ọdún méjèèjì yìí ni àwa ì bá fẹ́ kà jù lọ. Kò fi í sílẹ̀.