Àtòpọ̀ Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí Ìtumọ̀ Wọn Jọra: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkọ́ni Kan ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí kíkọ́ àtòpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ wọn jọra sórí ti di ọ̀nà pàtàkì tí a fi ń fi kún ìmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Olùkọ́ yóò kọ 'break' sí ojú pátákó, yóò to 'smash', 'snap', 'shatter' àti 'fracture' sí abẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dà á kọ. Ìdánwò ni ó ti àṣà yìí lẹ́yìn jù, nítorí pé WAEC àti JAMB máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ òmíràn jù lọ ní ìtumọ̀. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti gbé àṣà náà yẹ̀ wò, pàápàá bí ó ṣe kan ọmọ tí ó ń dàgbà ní Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀. Èrò wa ni pé àtòpọ̀ yìí ń fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ láìkọ́ ọ ní ìlò rẹ̀, àti pé Yorùbá tí ọmọ náà gbé wá láti ilé lè dí àlàfo náà.

Ta ni a ṣe àtòpọ̀ fún?

Oníṣègùn kan, Peter Mark Roget, ni ó gbé ìwé Thesaurus jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1852. Àwọn tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí ó bá èrò wọn mu nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé, ni ìwé náà wúlò fún. Ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ márààrún ni ó lè yan ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tí kò tíì mọ ìkankan kò rí nǹkan yàn. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ìwádìí náà ti àkíyèsí yìí lẹ́yìn. Tinkham ní 1993, àti Waring ní 1997, fi ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jẹ mọ́ra wọn máa ń pẹ́ kí ó tó wọ orí ju èyí tí kò jẹ mọ́ra lọ bí a bá kọ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan a máa dí èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀

Àwọn àgbà ní àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe: ohun tí ó ń bá rìn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nínú Yorùbá, ìkòkò ń fọ́, igi ń dá, okùn ń já, ẹsẹ̀ ń kán. A ń rú òfin, a ń yẹ àdéhùn, a sì ń ṣínu lẹ́yìn ààwẹ̀. 'Break' nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì lè fi sọ gbogbo wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún kò jẹ́ wí pé okùn fọ́ tàbí pé ìkòkò já. Ó ti mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ní àbọ̀ tàbí olùwà tí ó bá a mu.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni àtòpọ̀ ń pa mọ́lẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé òun 'fracture' àwo, ohun tí a kọ́ ọ ni ó tẹ̀ lé, síbẹ̀ olùkọ́ kan náà ni yóò fa ìlà pupa sí i. Bí a bá ti sọ fún un pé ohun tí ó jẹ mọ́ eegun tí ó kán ni 'fracture', pé 'snap' sún mọ́ okùn tí ó já tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dá, àti pé 'shatter' ni kí nǹkan fọ́ yángá, àṣìṣe náà ì bá má wáyé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé

Bákan náà ni ti 'walk'. 'Stagger' àti 'tiptoe' kì í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn fún rírìn lásán. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń di bí a ṣe ṣe nǹkan mọ́ inú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, nígbà tí Yorùbá sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé gbé e jáde. 'Stagger' ni kí ènìyàn rìn tàgétàgé; 'tiptoe' ni kí ó yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni 'glimpse' ni kí a rí nǹkan fìrí. Olùkọ́ tí ó bá lo ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Yorùbá báyìí ti fi ìyàtọ̀ han ọmọ ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí àtòpọ̀ kò lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí àtòpọ̀ kò dé

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọ wa kò tilẹ̀ sí nínú àtòpọ̀. 'Yá' ni Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó gba nǹkan àti ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ 'borrow me your pen'. A ń gbọ́ ariwo, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń 'hear' òórùn. 'Borrow' àti 'lend' kì í wà nínú àtòpọ̀ kan náà, nítorí pé òdì ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ààlà èdè méjèèjì ni ọmọ ti ń kọsẹ̀, olùkọ́ tí ó sì mọ èdè méjèèjì nìkan ni ó lè rí i.

Àpẹẹrẹ láti ìdí púpurú

Púpurú jẹ́ oúnjẹ tí a mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ́. Bí a bá fẹ́ ṣe é, a óò bó ẹ̀gẹ́, a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò mọ ọ́n ní ìṣù, a óò fi èéfín yan án lórí ààrò. Lẹ́yìn èyí ni a óò ha ara rẹ̀ tí ó ti dúdú, a óò gún un, a óò jọ ìyẹ̀fun rẹ̀, kí a tó ro ó nínú omi gbígbóná. Kò sí ọmọ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí tí yóò fi ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí rọ́pò òmíràn. Bí olùkọ́ bá kọ́ 'peel', 'soak', 'squeeze', 'mould', 'smoke', 'scrape', 'pound', 'sieve' àti 'stir' ní ìtẹ̀léra yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ni ọmọ yóò gbé lọ sílé, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé a lè rí ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá nínú kíláàsì ní Òkìtìpupa. Ọwọ́ ni olùkọ́ yóò fi ṣe iṣẹ́ náà lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà kan náà ni, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohun tí a ń fi í ṣe.

Ìgúnlẹ̀

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022 tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè ìkọ́ni lè yí padà. Èdè tí ọmọ fi ń ronú nílé kò yí padà nítorí ìkéde. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ pé kí ẹ má ṣe fún ọmọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí àbọ̀ tàbí olùwà rẹ̀, kí ẹ má ṣe kó àwọn tí ó jọra fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn. Àtòpọ̀ lè wá lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ bá ti ní ohun tí yóò yàn nínú rẹ̀.