Ta Ló San Owó Kylar?

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ software, ọ̀kan ní Ìjerò, ọ̀kan ní Aramọkọ, ọ̀kan ní Ẹ̀fọ̀n. Orí fóònù la ti jọ ka ìwé mẹ́ta tí Brent Weeks, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn agbanipa àti ẹgbẹ́ olè. Night Angel ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n jáde, àmọ́ a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni. Oorun dá lójú wa.

Ọmọ ìta ni Azoth ní ìlú Cenaria. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ olè, níbi tí ọmọ kékeré ti ń san owó fún ọmọ tó jù ú lọ. Ẹni tí kò bá rí san, ó gbé. Lókè wọn ni Sa'kagé wà, àwọn ọ̀gá ọ̀daràn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ọba lọ. Azoth lọ bá Durzo Blint, agbanipa tí gbogbo ìlú ń sá fún, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Durzo ní kó kọ́kọ́ lọ pa Rat, ọmọkùnrin tó ń fojú òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí màbo.

Apá yìí ni Weeks ti mọ̀ ọ́n kọ jù. Kì í ṣe pé ìkà wu Azoth. Ebi ni, ẹ̀rù ni, kò sì sí àgbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Atótó Arére tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1981 á dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ilé tó dàrú ló ti Àlàbá náà sínú ìwà ọ̀daràn. Àmọ́ Òkédìjí ò fún Àlàbá lóògùn kankan. Weeks ní tiẹ̀ fún Azoth, tó ti wá ń jẹ́ Kylar, ní ka'kari dúdú: ó lè rá mọ́ èèyàn lójú, bó bá sì kú, á tún jí.

Lọ́jọ́ tí Kylar kọ́kọ́ jí, ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Ta ló san án?" Ẹni tó bá ti wo fíìmù Yorùbá dàgbà á béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣé èèyàn ń jí dìde lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Ìwé kẹta ni Weeks tó dáhùn: gbogbo ìgbà tí Kylar bá jí, ẹnì kan tó fẹ́ràn ló ń kú dípò rẹ̀. (A ò ní sọ ta ni. Ẹ lọ kà á.)

Nínú fíìmù wa, ẹni tó fẹ́ ṣe oògùn owó ti mọ̀ kó tó gbà. Wọ́n ti sọ fún un pé kó mú ìyá rẹ̀ wá. Ó rọrùn láti bú u. Kylar ò mọ̀, kò sì béèrè. Ibẹ̀ ló dùn wá dé eegun, torí àwa òǹkàwé náà ò béèrè mọ́. Ìjà yẹn dùn jù. Ẹjọ́ tí a ní pẹ̀lú Weeks nìyẹn: ó fi idà dá wa lára yá fún ìwé méjì gbáko kó tó gbé ìwé gbèsè jáde. Elene, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, sì mọ́ jù. Ẹni mímọ́ lásán ni nínú ìwé kejì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó.

Síbẹ̀, a fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wa kà á. Báyìí náà ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe ń fa ọmọ: "A ó dáàbò bò ẹ́." Wọn kì í sọ ẹni tí yóò san án.

Ní 2023, Weeks tún gbé Kylar padà nínú Night Angel Nemesis. A ti ń bẹ̀rù ẹni tó kàn.