Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́

Bí ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá ń ṣèpàdé l'Ékòó, ẹnì kan sábà máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága tí kì í dìbò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Àmọ́ bí àríyànjiyàn bá dé lórí ohun tí òfin wí, òun ni gbogbo wọn yóò yíjú sí. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí gidigidi, ó sì máa ń ká mi lára bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń kà á sí iṣẹ́ lẹ́tà títẹ̀ lásán.

Èrò yẹn ti pẹ́. Lọ́dún 1887, ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìránṣẹ́ ni akọ̀wé. Lọ́dún 1971, nínú ẹjọ́ Panorama, ọ̀rọ̀ yí padà. Akọ̀wé kan háyà àwọn mọ́tò lórúkọ ilé-iṣẹ́, ó sì ń lò wọ́n fún ọ̀ràn ara rẹ̀. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ní kó sanwó, torí pé akọ̀wé ti di òṣìṣẹ́ àgbà tó láṣẹ láti ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà, CAMA, òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, yọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan láti wà láìní akọ̀wé. Ní ti ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú lè ra ìpín nínú rẹ̀, ọmọ ICSAN, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́, agbẹjọ́rò, tàbí oníṣirò owó tó wà nínú ẹgbẹ́ bí ICAN tàbí ANAN ló lè ṣe é. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún 3, ó kéré tán, láàárín ọdún 5 tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n yàn án náà yẹ. Òfin tún wá di ẹrù lé àwọn olùdarí lórí: wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé ẹni tí wọ́n yàn ní ìmọ̀ àti ìrírí tí iṣẹ́ náà ń béèrè.

Akọ̀wé gbọ́dọ̀ lè ka ọjọ́: ọjọ́ 21 fún ìwé ìpè sí ìpàdé ọdọọdún, ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìpàdé náà láti fi àkọsílẹ̀ ọdún ránṣẹ́ sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó jọ mí lójú jù ni kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Àwọn àgbà lè fi wákàtí mẹ́ta jiyàn. Akọ̀wé ni yóò yọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, ìdí rẹ̀, àti ẹni tí kò fara mọ́ ọn, láìfi iyọ̀ sí i. Bí alága bá ti buwọ́ lù ú, ẹ̀rí ni nílé ẹjọ́, àfi bí ẹnì kan bá já a nírọ́.

Ìdí nìyí tí akọ̀wé fi ní láti láyà. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú lè ra ìpín nínú rẹ̀ tó yọ akọ̀wé rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 7, ó kéré tán, láti wí tẹnu rẹ̀. Bó bá wí tẹnu rẹ̀, tí ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe jìbìtì tàbí ìwà ìbàjẹ́ ńlá, àwọn olùdarí kò lè dá a yọ láìgba àṣẹ ìpàdé àwọn onípìn-ín. Nítorí náà, bí olùdarí kan bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kó pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ nínú àkọsílẹ̀, ó lè fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé: “Ẹ má bínú, sà, ohun tí ẹ sọ ni mo kọ. Bí àtúnṣe bá wà, ẹ jẹ́ ká gbé e wá sípàdé tó ń bọ̀, níwájú gbogbo ìgbìmọ̀.”